Oògùn Àbúrò Mi Tí Mo Fi Ṣí Ọjà

Ẹnu kì í wọ́n mi. Ní ọjà Ìlaró, bí wọ́n bá ń wá obìnrin tó lè bá ọkùnrin mẹ́ta jà láì fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn, ìsọ̀ mi ni wọ́n á nawọ́ sí. Òróró, ọṣẹ, tòmátì alágolo àti sipagẹ́tì ni mò ń tà, òdìkejì ibodè ni mo sì ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé tí mo kà kò ju èyí tí mo fi lè dá orúkọ ara mi mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ páálí. Ẹ gbé ọjàkọ́jà síwájú mi, bí mo bá ti wo àwọ̀ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe to lẹ́tà ara rẹ̀, màá sọ fún yín bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Bí mo ṣe mọ oògùn àbúrò mi náà nìyẹn.

Àbúrò mi obìnrin ní wárápá. Mo kọ ọ́ gbangba báyìí nítorí pé nílé wa, wọn kì í pè é lórúkọ. "Nǹkan yẹn" ni ìyá wa ń pè é, bí ẹni pé tó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ á dáhùn. Ìtọ̀ màálù tí wọ́n fún ọmọ náà mu nígbà tó wà ní kékeré, bí a bá gbà á jọ, á tó ìyàwó tuntun wẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n di orí rẹ̀ mú. Màá dì í mú, màá sì máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé bó bá mu tán, màá ra àkàrà fún un. Nígbà tó yá ni ẹnì kan júwe ilé ìwòsàn kan fún wa ní Abẹ́òkúta. Dókítà ibẹ̀ kọ oògùn fún un, ó ní kó lo ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Àbúrò mi gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu. Nǹkan yẹn náà gbọ́ràn.

Bó ṣe kọ́ṣẹ́ télọ̀ nìyẹn, tó sì gba ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Ọrùn aṣọ tó bá rán kì í wọ́, ìdí ṣòkòtò tó bá rán kì í ya, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń fò kọjá ògiri ilé ìwé lójoojúmọ́. Ohun kan ṣoṣo tí èmi àti òun ń ṣọ́ ni pé kí ọjà má rí i kó ṣubú. Ìyá tó bá rí i tí ìfófòó ń yọ lẹ́nu télọ̀ ọmọ rẹ̀ kò ní gbé aṣọ wá mọ́. Wọ́n á ní àìsàn náà á gba inú òwú wọ ọmọ àwọn lára. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n á sọ ọ́.

Gbogbo ilé oògùn Ìlaró ló ní oògùn yìí nígbà kan. Nígbà tó yá, ó di pé à ń wá a dé Ayétòrò. Ó tún di Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ní in á máa dá owó lé e bí ẹni ń ta wúrà. Wọ́n ní àwọn tó ń gbé e wọlé ti palẹ̀ mọ́, wọ́n ti lọ sílé wọn. Mo ní ó dáa, ṣé ọ̀nà ibodè ni ẹnì kan fẹ́ fi hàn mí? Mo mú páálí tó ti ṣófo àti ìwé dókítà, mo gba Ọjà-Ọ̀dàn kọjá ibodè sí Pobẹ̀. Obìnrin tó ni ilé oògùn níbẹ̀ ń sọ Yorùbá bíi tiwa, ó kàn ń fi Faransé lá a bí ẹni fi ata lá ẹ̀kọ. Ó wo páálí mi, ó wo ìwé, ó wọlé, ó gbé oògùn jáde. Èdè Faransé ló wà lára tirẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn kan náà ni.

Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ kó ọjà, màá ra oògùn pẹ̀lú, màá tì í bọ àárín ọṣẹ.

Aṣọ́bodè á ní, "Màmá, kí lẹ gbé lónìí?"

Màá ní, "Ọṣẹ ni. Ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ ni? Ó yẹ kí ẹ wẹ̀."

Á rẹ́rìn-ín, á jẹ́ kí n kọjá.

Èmi ni mò ń tọ́jú oògùn náà, nínú agolo mílíìkì kan lábẹ́ tábìlì ìsọ̀ mi. Láràárọ̀ ni àbúrò mi á na àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọ tó ń gba súùtì, á gba ti àárọ̀ àti ti alẹ́ papọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní tèmi."

"Gbà, kí o má baà wá ṣubú lu òróró mi."

A jọ máa ń rẹ́rìn-ín. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bi ara mi pé kí ló dé tí oògùn àgbàlagbà fi wà nínú agolo tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe lọ́jà fún ẹni tí kò bá mọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ya ìsọ̀ ẹni láàárọ̀, a kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfìfo. Òun ló ń ṣí ọjà. Bó bá bèèrè ohun tí o kò ní, wàá sáré yá a lọ́wọ́ aládùúgbò. Bó bá ń ná an ní ìnákúnàá, wàá bú u nínú, wàá sì tà á fún un. Owó tó bá fún ọ, wàá fi kan iwájú orí, wàá fi nu orí ọjà rẹ yíká. Ẹni tó bá kẹ́yìn sí ọ láàárọ̀ láì ra nǹkan kan ti gbé ọjà ọjọ́ náà lọ nìyẹn. Mo ti rí àwọn obìnrin tó gbàdúrà nílé, tí wọ́n tún sáré lé ẹni àkọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu eruku kúrò lára agolo tòmátì ni obìnrin kan dé. Ó wọ híjáàbù, erùpẹ̀ ọ̀nà ti pọ́n ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Jóga-Orílé ni mo ti wá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń gbé irú eléyìí."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ti fún oògùn inú rẹ̀ tán jáde. Mo mọ̀ ọ́n kó tó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ta ló rán ọ sí mi?"

"Ọlọ́kadà tó ń bá yín gbé ẹrù."

"Ẹnu rẹ̀ á bó. Ìyá, oògùn kọ́ ni mò ń tà. Òróró ni mò ń tà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ti àbúrò mi ni."

Kò bẹ̀ mí. Bó bá bẹ̀ mí ni, màá rí nǹkan sọ, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹlẹ́bẹ̀ lóhùn. Ó kàn rọra fi ike náà sí etí ìró rẹ̀ padà, ó dì í.

"Kò burú, Màmá. Ọmọ mi ṣubú létí odò lánàá, díẹ̀ ló kù kó rì kí wọ́n tó yọ ọ́. Mo kàn ní kí n bèèrè."

Ó bá kẹ́yìn sí mi.

Títí dòní, mi ò mọ èyí tó mú mi pè é padà nínú méjì, ọmọ tó ṣubú létí odò ni, tàbí ẹ̀yìn obìnrin tó ń lọ lọ́wọ́ òfìfo láàárọ̀ mi. Ká ní ọ̀sán ló wá, ǹjẹ́ màá pè é?

Mo ṣí agolo, mo bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ní kí ọmọ náà máa lò ó. Ó ní dókítà ti júwe rẹ̀ fún òun. Mo bù ú ní nǹkan bí ìlàjì. Ẹ gbọ́ eléyìí náà o: mo gbowó. Ó tú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, mo gbà á, mo fi kan iwájú orí, mo fi nu orí òróró, mo fi nu orí ọṣẹ, mo ní, "Ọwọ́ rẹ á dára fún mi." Ọjà náà sì tà lọ́jọ́ náà! Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, sipagẹ́tì ti tán. Àbúrò mi yọjú láti ìsọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣí ọjà yín lónìí? Ẹ bá mi pè é o." Mo ní obìnrin kan ni.

Mo ti rò ó pé kí èyí tó kù tó tán, màá ti dé Pobẹ̀. Mo sì dé ibẹ̀. Mo wọ ilé oògùn, obìnrin yẹn wò mí, ó mi orí.

"Ó tán, *Maman*."

"Ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀?"

"Kútọnu ni wọ́n ti ń kó o wá. Wọ́n ní Kútọnu náà ń retí ọkọ̀ òkun."

Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mú ìwé dókítà tiwọn dání. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ará Nàìjíríà, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ rà á tán? Bẹntiróòlù yín là ń rà, oògùn wa lẹ̀ ń kó. Kí ni ká wá fún ọmọ tiwa? Ká fún un ní bẹntiróòlù?"

Ní ọjọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé òdìkejì ibodè jẹ́ kànga tí kì í gbẹ, pé ohunkóhun tó bá wọ́n lọ́dọ̀ wa, ká ṣáà sọ doro síbẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan dúró sí ẹ̀yìn mi tó ń dúró de omi kan náà.

Nígbà tí mò ń padà, aṣọ́bodè ní, "Màmá, kí lẹ gbé?"

Mo ní, "Òfìfo."

Ó ní, "Á! Ẹ ò ṣe bú mi lónìí?"

Nígbà tí mo délé, mo pe ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìlú Ọba, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Mo bi í bóyá àwọn òyìnbó náà máa ń ṣubú.

"Wọ́n ń ṣubú, Màmi. Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ wa."

"Ta ló máa ń dì í mú?"

"A kì í dì í mú. A ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó fi nǹkan rírọ̀ tì í lórí, a ó dúró tì í. Bó bá jí, a ó fún un ní tíì."

"Ní tíì! Oògùn ńkọ́?"

"Kì í sanwó rẹ̀. Bó bá ti kù díẹ̀, dókítà á fi ránṣẹ́ sí ilé oògùn àdúgbò rẹ̀."

Mo ní kó ra díẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Màmi, wọn kì í tà á bí ọṣẹ." Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan o. Kò mọ̀ pé òun sọ òkò bà mí.

Ohun tí mo wá ṣe, ọlọ́jà nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Bí òróró bá wọ́n, a kì í sáré gbé owó lé e, nítorí wọ́n á pariwo. Ìgò la máa ń dín kù. Oníbàárà á fọwọ́ ra ojú ìgò, á rò ó pé ìgò àná ni. Mo mú abẹ, mo jókòó ti agolo mílíìkì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí gé oògùn àbúrò mi sí méjì méjì, kó lè tó di ìgbà tí ọkọ̀ òkun àwọn ará Kútọnu máa dé.

Àbúrò mi na àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, eléyìí kéré."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn. Ṣé búrẹ́dì náà kò kéré ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dà á sẹ́nu.

Ilé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Aṣọ àwọn ọmọ ti ga lórí tábìlì rẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ọrùn ọ̀kan. Mo gbọ́ igbe náà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kì í ṣì í gbọ́. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti wà nílẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, áyọ́ọ̀nù wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ọjà tú. Ọkùnrin tó ń ta ìgbànú gun orí àga, ó ń pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ ṣọ́ra fún itọ́ rẹ̀!" Obìnrin kan sáré dé pẹ̀lú ṣíbí.

"Ẹ tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu!"

Mo ní, "Ẹnu tìrẹ ni kí o tì í bọ̀, bóyá á dákẹ́."

Mo ta áyọ́ọ̀nù dànù, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wọ́ aṣọ àwọn ọmọ lórí tábìlì, mo fi tì í lórí. Mo dúró tì í. Ohun tí mo lè ṣe kò ju ìyẹn lọ. Mo ń wo apá rẹ̀ tó ti bó, mo sì mọ ẹni tó jó o.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wá mi kiri bí ẹni tó jí sílé onílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọjà rí mi?"

Gbogbo ọjà ló dúró yí wa ká. Mo ní, "Wọn ò rí ọ."

Kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé, àwọn ìyá ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí wá gba aṣọ wọn padà. Kò sí ẹni tó sọ òótọ́ nínú wọn. Ọ̀kan ní ọmọ òun ti sanra lójijì. Òmíràn ní bàbá ọmọ ní àwọn fẹ́ kó lọ sí Èkó. Ẹnì kan ní òun ti rò ó, òun fẹ́ fi aṣọ náà ṣe kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì! Aṣọ ilé ìwé aláwọ̀ búlúù! Ẹ̀rín pa mí, omi sì ń dà lójú mi. Àbúrò mi ń ká aṣọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ tí kò jóná ká a, ó ń kí wọn pé ẹ ṣé.

Ìgbà tí mò ń fi ìpara ra apá rẹ̀ tó jóná ló tó bi mí.

"Ta ló ní kí ẹ gé oògùn yẹn?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí obìnrin ará Jóga dé orí abẹ. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú, mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ, nítorí èébú ni èdè tí mo gbọ́ jù. Kò bú mi.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ tó ń lo oògùn mi. Ṣé ara rẹ̀ ti yá?"

Mi ò mọ̀. Mi ò bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ó ní, "Ẹ ò bi mí, Ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá bi mí, ǹ bá fún un. Mo mọ bí ilẹ̀ ṣe ń rí téèyàn bá jí. Ṣùgbọ́n èmi ni ǹ bá fún un. Ẹ̀bùn mi lẹ lọ fi ṣe ọjà." Ó na àtẹ́lẹwọ́ bó ṣe máa ń nà án láràárọ̀. "Ẹ gbé agolo yẹn fún mi."

Mo gbé e fún un.

Òun ló ní àwa méjèèjì gbọdọ̀ lọ sí Jóga-Orílé. A bèèrè, wọ́n fi ilé hàn wá. Bí obìnrin náà ṣe rí mi, ó sá wọlé, ó rò pé mo wá gba oògùn padà ni. Ọmọ náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Obìnrin ni. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ó sì fi àlàfo rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde, tó rí i pé ìjà kọ́ la bá wá, ó mú èyí tó kù wá. Òun náà ti ń gé e.

Ó ní, "Kó lè tó ni, Màmá."

Àbúrò mi ní, "Ẹ má gé e mọ́, ìyá. Wò ó." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ojú egbò náà hàn án. Èmi ń wo ẹ̀gúsí.

Àwọn méjèèjì àti ọmọ náà ló lọ rí dókítà ní Abẹ́òkúta. Mo ní mò ń bá wọn lọ, àbúrò mi ní kí n jókòó ti òróró mi. Dókítà bínú, wọ́n ní ó bínú gidi. Lẹ́yìn ìbínú, ó kọ oògùn mìíràn tó ṣì ń wà lọ́dọ̀ wa níbí fún wọn, ó júwe bí wọ́n ṣe máa rọra kúrò lórí ti àtijọ́, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ kàn án. Àbúrò mi tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, nínú ọjà. Ọkùnrin onígbànú kò sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n láti orí àga rẹ̀ ló ti ń pàṣẹ pé, "Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́! Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?" Díẹ̀ nínú àwọn ìyá ọmọ ti padà wá. Oníkọ́tìnnì kò tíì dé.

Láìpẹ́ yìí, láàárọ̀, mi ò tíì ta nǹkan kan, ọkùnrin kan dé láti Ajílété. Ó tú páálí oògùn kan jáde lápò. Ọ̀rọ̀ mi ti tàn kálẹ̀. Mo wo ìsọ̀ àbúrò mi, kò tíì ṣí i. Mo ní kí ọkùnrin náà jókòó, pé ẹni tó ni í ń bọ̀. Bó ṣe jókòó ni ọmọ kan wá ra ọṣẹ, mo ní kó padà wá, mi ò tíì ṣí ọjà. Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí.

Àbúrò mi dé. Ó bi ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: ta ló ń ṣubú, ta ló kọ oògùn fún un, ìgbà wo ló tán. Ìyàwó rẹ̀ ni. Àbúrò mi wá sọ fún un pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun kò jọ tiwọn, òun kò sì lè fún un. Ó júwe ọ̀nà ilé ìwòsàn Abẹ́òkúta fún un, ó ní bí òun bá tún ń lọ, àwọn lè jọ lọ. Ọkùnrin náà dúpẹ́. Ó dìde.

Kò ra nǹkan kan. Ó kẹ́yìn sí mi, ó sì ń lọ lọ́wọ́ òfìfo, láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ dìde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi kọjá ìsọ̀ onígbànú.

Ọjà kò tà lọ́jọ́ náà.